Àjọ púpọ̀, ebi kan: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ ṣe ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí oúnjẹ

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kì í tán lẹ́nu àwọn ènìyàn nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ oúnjẹ bá délẹ̀. A to àwọn tó rọrùn sókè. Àwọn tó ta kókó wà nísàlẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní ààbò oúnjẹ gan-an?

Ní ọdún 1996, àwọn aṣáájú orílẹ̀-èdè péjọ sí Róòmù fún àpérò àgbáyé lórí oúnjẹ. Wọ́n fẹnu kò níbẹ̀ pé ààbò oúnjẹ wà nígbà tí gbogbo ènìyàn, nígbà gbogbo, bá lè rí oúnjẹ tó pọ̀ tó, tí kò léwu, tó sì ń ṣe ara lóore, tí owó wọn sì ká a, kí wọ́n lè máa gbé pẹ̀lú ìlera. Ìtumọ̀ yìí ni gbogbo àjọ ṣì ń lò.

Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà. Ọwọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ tó o. Ara gbọ́dọ̀ lè lò ó. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbọ́dọ̀ máa bá a lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, kó má jẹ́ pé ìgbà ìkórè nìkan ni. Ẹ̀kẹta yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé: ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu lè jẹun yó, kí oúnjẹ náà má sì ṣe é ní àǹfààní kankan.

Ṣé bí oúnjẹ bá ti wà nílé, ọmọ kò lè ní àìjẹunrekánú mọ́?

Ó lè ní in dáadáa. Ọkà lè kún àká kí ọmọ inú ilé náà máa rù, nítorí pé ọkà nìkan ló ń jẹ láti àárọ̀ dalẹ́, tàbí pé omi tí wọ́n fi sè é kò mọ́, tàbí pé ibà kì í fi í sílẹ̀, tàbí pé iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ ráyè fún un lọ́yàn.

Ẹ wo iye tí àwọn àjọ márùn-ún kan jọ gbé jáde ní ọdún 2025: ní 2024, nǹkan bíi mílíọ̀nù 673 ènìyàn ni ebi ń pa, ṣùgbọ́n àwọn tí owó wọn kò ká oúnjẹ tó pé fún ara tó bílíọ̀nù 2.6. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí wọn kò ga tó ọjọ́ orí wọn lé ní mílíọ̀nù 150. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló wà láàárín iye àkọ́kọ́ àti ìkejì tó ń jẹun lójoojúmọ́, síbẹ̀ tí ara wọn ń ṣàìní. Ẹni tó bá fi àpò ọkà nìkan ka iṣẹ́ rẹ̀ kò ní rí wọn.

Àwọn àjọ wo ló wà nídìí iṣẹ́ yìí?

Mẹ́ta nínú wọn ló fi Róòmù ṣe ibùjókòó. FAO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, ló ń mójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹran ọ̀sìn, ẹja àti igbó. WFP, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, ló ń pín oúnjẹ àti owó fún àwọn tí àjálù bá. Òun ló gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2020. IFAD, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1977, ń fi owó ran àwọn àgbẹ̀ kéékèèké lọ́wọ́ nípasẹ̀ ìjọba wọn. UNICEF ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, WHO ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ìlera, UNHCR ló sì ń bójú tó àwọn tí ogun lé kúrò ní orílẹ̀-èdè wọn.

Yàtọ̀ sí àwọn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀, Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa àti Òṣùpá Pupa wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Médecins Sans Frontières (ẹgbẹ́ àwọn dókítà aṣèrànwọ́), Save the Children, Action Against Hunger, CARE àti Oxfam. Lẹ́yìn wọn ni ẹgbẹ̀lẹ́gbẹ̀ ẹgbẹ́ tó jẹ́ ti àwọn ará ìlú fúnra wọn, tí orúkọ wọn kì í sí nínú ìròyìn. Àwọn yìí ló sábà máa ń kan ilẹ̀kùn.

Kí ló dé tí àjọ kan ṣoṣo kò fi lè dá a ṣe?

Nítorí pé ohun tó fa ebi kì í jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé darandaran kan tí ọ̀dá ti pa ìdajì ẹran wọn. Wọ́n nílò oúnjẹ lónìí. Wọ́n nílò omi, koríko àti abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ẹran tó kù. Ọmọ wọn tó ti rù nílò ìtọ́jú. Bí oúnjẹ bá dé tí koríko kò dé, ẹran yòókù á kú, ìdílé náà á sì tún wà lórí ìlà lọ́dún tó ń bọ̀.

Ti irúgbìn tún wà níbẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa kì í gbin irúgbìn. Ó máa sè é jẹ ni, kò sì sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi. Ìdí nìyẹn tí FAO àti WFP fi máa ń gbìyànjú láti pín nǹkan lásìkò kan náà: irúgbìn láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan, oúnjẹ tí wọn ó máa jẹ títí ohun tí wọ́n gbìn yóò fi jáde láti ọ̀dọ̀ èkejì. Bí ọkọ̀ ọ̀kan bá fi oṣù kan pẹ́, òjò ti lọ, owó tí wọ́n fi ra irúgbìn náà sì ti ṣòfò.

Kí ni "cluster" tí wọ́n máa ń dárúkọ nínú ìpàdé?

Ìṣọ̀wọ́ àwọn àjọ tí iṣẹ́ wọn jọra ni, pẹ̀lú ẹni tó ń darí ìṣọ̀wọ́ náà. Ọdún 2005 ni wọ́n gbé ètò yìí kalẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n rí i ní Darfur, ní orílẹ̀-èdè Sudan, pé àwọn àjọ ń forí gbárí ní ibì kan, tí ibòmíràn sì ṣófo. UNICEF ló ń darí ti àìjẹunrekánú àti ti omi. FAO àti WFP jọ ń darí ti ààbò oúnjẹ. WHO ń darí ti ìlera. WFP tún ń darí ti ọkọ̀, ọkọ̀ òfúrufú àti ibi ìkẹ́rùsí.

Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú ìṣọ̀wọ́ ni kíkọ sílẹ̀ ẹni tó ń ṣe kí ni, níbo, fún ènìyàn mélòó. Bí abúlé kan bá wà tí ẹnikẹ́ni kò dé, ó yẹ kí ìwé yẹn fi hàn. Àdéhùn sì ni pé bí kò bá sí àjọ tó lè lọ síbẹ̀, olórí ìṣọ̀wọ́ ni kó lọ, níwọ̀n ìgbà tí owó bá wà, tí ọ̀nà bá ṣí, tí ẹ̀mí kò sì sí nínú ewu. Ó dùn mí pé àfikún mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n máa ń tọ́ka sí jù.

Ta ni ọ̀gá gbogbo wọn?

Kò sí ọ̀gá tó lè pàṣẹ fún gbogbo wọn. Ìpinnu 46/182 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 1991 sọ ọ́ kedere pé ìjọba orílẹ̀-èdè tí àjálù ṣẹlẹ̀ sí ló ni ojúṣe àkọ́kọ́. Ìpinnu yẹn náà ló fi alákòóso ìrànwọ́ pàjáwìrì jẹ, tó sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí àwọn olórí àjọ ti ń jókòó pọ̀. Alákòóso lè pè wọ́n, ó lè bẹ̀ wọ́n, ó lè fi owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fà wọ́n. Kò lè lé ẹnikẹ́ni kúrò níbi iṣẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ibi tí ebi ti le jù?

Láyé àtijọ́, àjọ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé iye tirẹ̀ wá, onígbọ̀wọ́, ìyẹn ẹni tàbí ìjọba tó ń fowó ṣètìlẹ́yìn, á sì mú èyí tó bá a lára mu. Ní 2004, ní Sòmálíà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní IPC. Ìpele márùn-ún ló ní. Ìpele 1 ni ibi tí ara ti dẹ̀, ìpele 2 ni ibi tí ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í há, ìpele 3 ni wàhálà, ìpele 4 ni pàjáwìrì, ìpele 5 ni àjálù tàbí ìyàn. Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àti Sahel, òṣùwọ̀n tó fara jọ ọ́, Cadre Harmonisé, ni wọ́n ń lò.

Agbára òṣùwọ̀n yìí wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìjọba, àwọn àjọ àgbáyé àti àwọn ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ á jókòó sídìí tábìlì kan, wọ́n á wo ẹ̀rí kan náà, wọn kò sì ní dìde títí wọ́n á fi fẹnu kò. Lójú tèmi, bí a bá ní kí wọ́n fi gbogbo ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yòókù sílẹ̀ kí wọ́n mú ẹyọ kan, èyí ni kí wọ́n mú. Ìròyìn tí wọ́n fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kọ ní 2025 sọ pé ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 295 ní orílẹ̀-èdè àti agbègbè 53 ló wà ní ìpele 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 2024.

Ẹ̀rí sì nílò owó. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ rẹ̀ dúró, FEWS NET, ètò ìkìlọ̀ tí wọ́n ti ń lò láti 1985, dákẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún oṣù mélòó kan. Ibi tí wọ́n ti dẹ́kun kíka àwọn tí ebi ń pa, ebi kò tìtorí ìyẹn dín kù.

Kí ló dé tí ó fi máa ń pẹ́ kí wọ́n tó pe nǹkan ní ìyàn?

Nítorí pé ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé lẹ́ẹ̀kan náà: ó kéré tán, ìdá 20 nínú 100 àwọn ìdílé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkankan jẹ, ìdá 30 nínú 100 àwọn ọmọdé ti rù, ebi tàbí àìsàn tó bá ebi rìn sì ń pa ènìyàn 2 nínú 10,000 lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ka ìlà kẹta yẹn á rí i pé ikú ti dé kí orúkọ tó dé.

Sòmálíà ni ẹ̀kọ́ tó korò jù. Ìyàn tí wọ́n kéde níbẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2011 pa nǹkan bíi 260,000 ènìyàn. Ìdajì wọn jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, ọ̀pọ̀ sì ti kú kí ìkéde tó jáde. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún kéde ìyàn ní apá kan Gúúsù Sudan ní 2017, ní àgọ́ Zamzam ní Darfur ní 2024, àti ní ìlú Gásà àti agbègbè rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025.

Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró de ọ̀rọ̀ náà. Ìpele 3 ni àwọn àjọ ti gbọ́dọ̀ jọ gbéra. Ní ìpele 4, àwọn ènìyàn ti ń kú.

Bí ọmọ bá rù, àjọ wo ló yẹ kó tọ́jú rẹ̀?

Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ló ti mú ọ̀pọ̀ ìyá rin ìrìn òfo. Okùn ìwọ̀n apá ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: bí apá ọmọ láti oṣù 6 sí oṣù 59 bá kéré sí mìlímítà 115, àìjẹunrekánú tó le koko ni, bó bá wà láàárín 115 sí 125, ó mọ níwọ̀n. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́, UNICEF ló ń pèsè oúnjẹ ìtọ́jú fún èyí tó le, WFP ló ń pèsè ti èyí tó mọ níwọ̀n, WHO ló ń tọ́ ilé ìwòsàn sọ́nà lórí àwọn tí àìsàn mìíràn ti dì mọ́ rírù wọn.

Lórí ìwé, ó dára. Lójú ọ̀nà, ọmọ tí apá rẹ̀ jẹ́ 116 lè dé ibi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn tó wà lábẹ́ 115, kí wọ́n sọ fún ìyá rẹ̀ pé ibòmíràn ni kó lọ, lọ́jọ́ mìíràn. Ìyá náà ní ọmọ mẹ́ta nílé. Kò ní lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ náà á padà wá pẹ̀lú 112, wọ́n á sì gbà á, nítorí pé ara rẹ̀ ti bàjẹ́ tó báyìí. Mìlímítà kan ni ààlà láàárín àjọ méjì, àárín ààlà yẹn ni ọmọ náà ti ń kú lọ.

Ẹ̀rí wà pé àwọn àjọ lè ṣe dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ilé ìwòsàn ni ọmọ tó rù gidigidi gbọ́dọ̀ sùn sí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní 1996, wọ́n ṣe oúnjẹ ìtọ́jú kan tí wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀, wàrà gbígbẹ, òróró, ṣúgà àti èròjà aṣaralóore pò. Ọ̀rá kékeré kan jẹ́ gíráàmù 92, ó ní kálórì 500, kò sì nílò omi rárá. Ní 2007, WHO, WFP, UNICEF àti ìgbìmọ̀ àwọn àjọ lórí oúnjẹ jọ fọwọ́ sí i pé ọmọ tí kò ní àìsàn mìíràn lè gba ìtọ́jú nílé ìyá rẹ̀. Ìwé kan tí gbogbo wọn jọ fọwọ́ sí ló ṣí ilẹ̀kùn fún àìmọye ọmọ.

Ohun tó kù ni kí ilẹ̀kùn náà di ẹyọ kan. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n ti ń gbìyànjú rẹ̀: oúnjẹ ìtọ́jú kan náà fún ọmọ tó rù níwọ̀n àti èyí tó rù gidigidi, ní ibì kan náà, lọ́jọ́ kan náà, ìyá fúnra rẹ̀ sì ń fi okùn wọn apá ọmọ nílé. Ní 2020, àjọ márùn-ún gbé ètò kan kalẹ̀ láti jọ gbógun ti rírù ọmọdé. Ní 2023, WHO tún ìlànà ìtọ́jú rẹ̀ ṣe. Ẹ béèrè ní ibi tí ẹ wà bóyá ìyá gbọ́dọ̀ rin ọ̀nà méjì. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ béèrè ìdí rẹ̀.

Ṣé oúnjẹ ló yẹ kí wọ́n máa pín ni tàbí owó?

Bí ọjà bá ń ná, tí oúnjẹ sì wà lórí àtẹ, owó ló dára jù nígbà púpọ̀: ìdílé á ra ohun tí wọ́n mọ̀ pé wọ́n nílò, ọlọ́jà náà á sì rí tirẹ̀. Bí ọ̀nà bá dí tàbí tí oúnjẹ kò sí lọ́jà, owó á kàn mú kí nǹkan gbówó lórí ni. Ẹ gbé oúnjẹ wá. Fún ọmọ tó ti rù gidigidi, kò sí èyí tó lè rọ́pò oúnjẹ ìtọ́jú nínú méjèèjì.

Ibi tí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ti wọ̀ ọ́ ni iye. Bí àjọ méjì bá ń fún àwọn ènìyàn àdúgbò kan náà ní iye tó yàtọ̀ síra, ìjà ni wọ́n ń dá sílẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n jọ ṣírò ohun tí ìdílé nílò lóṣù kan kí ẹnikẹ́ni tó pín kọ́bọ̀. Ìlànà Sphere, tí àwọn àjọ bẹ̀rẹ̀ sí í jọ kọ ní 1997, ti fún wọn ní ìpìlẹ̀ tí wọn ó bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀: kálórì 2,100 fún ènìyàn kan lójúmọ́.

Kí ni omi ń wá nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ?

Ìgbẹ́ gbuuru ń gba lára ọmọ ohun tí oúnjẹ fi sí i. Ìlànà Sphere ní kí ènìyàn kan rí omi lítà 15 lójúmọ́, ó kéré tán. Àjọ tó ń pín oúnjẹ níbi tí kò sí omi tó mọ́ kò tíì ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ṣé a lè fi wàrà ọmọ tó jẹ́ ìyẹ̀fun ránṣẹ́ sí ibi tí àjálù ti ṣẹlẹ̀?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tí wọn ó fi pò ó kò mọ́, kò sí ohun tí wọn ó fi se ìgò, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn á sì rò pé èyí tó ti òkèèrè wá dára ju ti ara òun lọ. Bí ìyá bá dáwọ́ dúró, ọyàn á gbẹ, wàrà ọ̀fẹ́ náà á sì tán.

Láti 1981 ni ìlànà àgbáyé kan ti wà lórí títa irú wàrà bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí àwọn àjọ jọ ṣe fún ìgbà pàjáwìrì sì sọ pé kí wọ́n má gba ẹ̀bùn rẹ̀, kí wọ́n máa ra ìwọ̀nba fún ọmọ tí kò ní ìyá tàbí tí kò lè rí ọyàn, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ sì máa ṣọ́ ọmọ náà. Àjọ kan ṣoṣo tó bá rú u lè ba iṣẹ́ gbogbo àwọn yòókù jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Kí ló dé tí àjọ mẹ́ta fi ń kọ orúkọ ìdílé kan náà?

Nítorí pé àjọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé orúkọ tirẹ̀ àti kọ̀ǹpútà tirẹ̀, onígbọ̀wọ́ rẹ̀ sì ń béèrè ìròyìn lọ́nà tirẹ̀. Ó ń tán àwọn ènìyàn lókun. Ìyá tó dúró sórí ìlà láti àárọ̀ láti tún sọ iye ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kò rí nǹkankan gbà níbi ìlà yẹn.

Ṣùgbọ́n pípa gbogbo ìwé náà pọ̀ ní ewu tirẹ̀. Orúkọ, ìka ọwọ́ àti ibi tí ènìyàn ń gbé lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń lé e kiri. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí àwọn àjọ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí wọ́n pín ìwọ̀nba tó máa jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó ti gbà àti ẹni tí kò tíì gbà, kí wọ́n sì ṣàlàyé fún ẹni tó ni orúkọ kó tó fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá fẹ́ tẹ ìka kò gbọ́dọ̀ pàdánù oúnjẹ rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Ṣé wọ́n lè ṣiṣẹ́ kí àjálù tó dé?

Wọ́n lè ṣe é, wọ́n sì ti ṣe é. Ní oṣù Keje ọdún 2020, nígbà tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ rí i pé omi fẹ́ ya ní Bangladesh, owó pàjáwìrì àgbáyé, CERF, tú mílíọ̀nù 5.2 dọ́là sílẹ̀ fún FAO, WFP àti UNFPA (àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iye ènìyàn àti ìlera àwọn ìyá) kí omi náà tó kún dé góńgó. Wọ́n ti jọ fẹnu kò tẹ́lẹ̀ lórí àmì tí wọ́n máa rí kí owó tó jáde àti iṣẹ́ tí àjọ kọ̀ọ̀kan máa ṣe. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àárín ìpàdé ni omi ì bá ká wọn mọ́.

Nígbà ogun ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì lè jọ ṣiṣẹ́?

Ogun ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ebi tó le jù láyé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìpinnu 2417, tó bu ẹnu àtẹ́ lu fífi ebi ṣe ohun ìjà sí àwọn ará ìlú. Ìpinnu kò lè dá ọkọ̀ sílẹ̀ níbi tí àwọn ológun ti dí ọ̀nà. Ìjíròrò ló lè ṣe é. Níbi ìjíròrò sì ni àìṣọ̀kan ti máa ń pani lára jù: bí àjọ kan bá gbà láti san owó kí ọkọ̀ rẹ̀ lè kọjá, láti ọjọ́ yẹn lọ, gbogbo ọkọ̀ ló máa san án.

Kì í ṣe gbogbo ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́ wíwọ inú ilé kan náà. Médecins Sans Frontières àti ìgbìmọ̀ àgbáyé Alágbèélébùú Pupa kì í wọ ìṣọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n máa ń jókòó síta díẹ̀ kí gbogbo àwọn tó ń jà lè gbà pé wọn kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Mo gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ṣáà ń sọ ohun tí wọ́n ń ṣe àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, iṣẹ́ kò ní forí gbárí.

Níbo ni àwọn ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ wà nínú gbogbo èyí?

Àwọn ló wà níbẹ̀ kí àwọn àlejò tó dé, àwọn náà ló máa ṣẹ́ kù lẹ́yìn wọn. Ní 2016, ní Istanbul, àwọn onígbọ̀wọ́ àti àwọn àjọ ńlá ṣèlérí pé títí di 2020, ó kéré tán, ìdá 25 nínú 100 owó ìrànwọ́ máa dé ọwọ́ wọn, kó sì má gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá. Wọn kò mú un ṣẹ.

Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ kò fara sin. Èdè ìpàdé kì í ṣe èdè wọn. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa kún fún owó kékeré gùn bíi ti owó ńlá. Wọ́n á fún wọn ní owó irúgbìn, wọn kò ní fún wọn ní owó yàrá tí wọn ó kó irúgbìn sí. Bí ìbọn bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àlejò á wọ ọkọ̀ òfúrufú, òṣìṣẹ́ ìbílẹ̀ á dúró. A kò lè pe èyí ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀ níwọ̀n ìgbà tí ewu wà lọ́rùn ẹnì kan, tí owó sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ṣé àwọn àjọ kì í bá ara wọn du owó ni?

Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn onígbọ̀wọ́ kan náà ni gbogbo wọn ti ń tọrọ, onígbọ̀wọ́ sì máa ń so owó mọ́ nǹkan: èyí fún agbègbè yìí, èyí fún ọmọdé nìkan, orúkọ orílẹ̀-èdè wa sì gbọ́dọ̀ hàn lára àpò. Àjọ tó bá pín àṣeyọrí rẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn lè rí i pé owó ọdún tó ń bọ̀ ti kéré.

Ohun tó ti dín in kù díẹ̀ ni àpò owó àjùmọ̀ní bíi CERF, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2006, níbi tí owó ti wà nílẹ̀ kí àjálù tó dé. Ojúṣe onígbọ̀wọ́ pọ̀ níbí ju ti àjọ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn àjọ ṣọ̀kan, kó dẹ́kun bíbéèrè ìròyìn mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ìfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn jẹ́ òótọ́?

Ẹ má ka iye ìpàdé. Ẹ mú ìdílé kan tó ní ọmọ tó rù, kí ẹ sì wò ó láti ẹnu ọ̀nà wọn. Ṣé ẹni tó wọn apá ọmọ náà mọ̀ pé ìdílé náà kò sí lórí ìwé oúnjẹ? Bó bá mọ̀, ṣé ó lè fi orúkọ wọn síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àbí ìwé lásán ló fún wọn? Bí wọ́n bá ní ẹ̀sùn, ṣé ibì kan wà tí wọ́n lè mú un lọ láìfi ti àjọ tó jẹ̀bi ṣe, ṣé èsì sì ń padà wá? Ní ibi tí ìdáhùn bá ti dára, àwọn àjọ ń jọ ṣiṣẹ́, bí wọn kò tilẹ̀ jọ ya fọ́tò.

Bí owó kò bá tó, ta ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún?

Kò sí ìdáhùn tí kò dunni. Bí wọ́n bá gé ti gbogbo ènìyàn kù, oúnjẹ tó máa dé ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lè má tó ohun tó máa gbé e ró. Bí wọ́n bá gba ti àwọn tó wà ní ìpele 3 fún àwọn tó wà ní ìpele 4 àti 5, àwọn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn lónìí ló máa wọ ìpele 4 lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Bí wọ́n bá fi gbogbo owó sí títọ́jú ọmọ tó ti rù, tí wọ́n sì dá oúnjẹ ìdílé dúró, ọmọ tí wọ́n wò sàn á padà wá.

Èrò tèmi ni pé ẹ̀mí tó wà nínú ewu lónìí ló ṣáájú, kí a sì tọ́jú ìwọ̀nba pàtó, tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn, fún irúgbìn àti ẹran àwọn tó ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ wọn. Ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ lè pín in lọ́nà mìíràn. Ohun tí kò tọ́ ni pé kí àjọ kọ̀ọ̀kan dá gé tirẹ̀ nínú yàrá tirẹ̀, tí ìdílé kan á fi pàdánù oúnjẹ, owó àti ìtọ́jú ọmọ nínú oṣù kan náà, nítorí pé àjọ mẹ́ta ṣe ìpinnu mẹ́ta láìsọ fún ara wọn.

Kí wọ́n jọ gbé ìwé owó wọn sórí tábìlì kan kí wọ́n tó gé ohunkóhun. Kí àwọn aṣojú àwọn tó ń gba ìrànwọ́ wà níbẹ̀. Kí wọ́n sì sọ fún àwọn ènìyàn, ó kéré tán ní oṣù kan ṣáájú, iye tó máa dín kù àti ìdí rẹ̀, kí ìyá kankan má bàa mọ̀ nípa rẹ̀ níwájú ìlà, pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo lọ́wọ́.